Ẹ Má Kó Fáìlì Oṣù Méjìlá Wá Bá Mi Báyìí Mọ́

Ẹni kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọlé. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi dà wọ́n pọ̀ ni, kò lè gbà yín ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ." Mo ṣí fódà rẹ̀. Fáìlì Excel méjìlá, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ní January, àkọlé kọ́lọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ni "Orúkọ". Ní February ó di "NAME". March ní "Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́". Nígbà tó fi máa di June, ẹnì kan ti kọ orúkọ ẹgbẹ́, àdírẹ́sì àti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù sí ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, àkọlé gan-an wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kẹrin. Oṣù kan tilẹ̀ wà tí kò ní àkọlé rárá. Mo bi í léèrè báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ owó ìfipamọ́ yàtọ̀ sí gbèsè tí wọ́n san. Ó ní, "Ẹ ó mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá pọ̀ jù ni ìfipamọ́."

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ìṣirò owó. Ẹni tó bá ní kí n máa méfò, ó ti bú mi.

Mi ò ní kọ́ yín bí ẹ ṣe máa rí Power Query, irinṣẹ́ tí Excel fi ń kó ọ̀pọ̀ fáìlì pọ̀. Láti Excel 2016 ló ti wà nínú Excel fúnra rẹ̀: ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Get Data, ẹ wá From Folder. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 mọ ìyẹn. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán.

Power Query máa ń mú fáìlì kan ṣe àwòkọ́ṣe fún ìyókù. Bí ẹ ò bá yan ọ̀kan fún un, èyí tó bá ṣáájú nínú fódà ló máa mú. Ẹ̀yin sì nìyí, orúkọ oṣù lédè Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń pe fáìlì yín, bẹ́ẹ̀ ABD ni kọ̀ǹpútà fi ń tò wọ́n. April ló máa ń bọ́ síwájú, January á wà lẹ́yìn. Ohun tí April bá wí ló di òfin. Kọ́lọ́ọ̀mù tí September ní tí April ò ní, kò ní wọlé, kò sì sí ariwo kankan tẹ́ ẹ máa gbọ́. Èyí tí April ní tí September ò ní, òfìfo ló máa wà níbẹ̀. Ẹ óò rí ṣíìtì tó mọ́ rekete, ẹ óò sì máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ kọ ọdún àti nọ́ńbà oṣù síwájú orúkọ fáìlì, 2024-01, 2024-02, kí wọ́n lè tò bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ṣíìtì kékeré kan tó ní kọ́lọ́ọ̀mù méjì péré. Lápá òsì, ẹ kọ gbogbo orúkọ tí akọ̀wé èyíkéyìí ti fi pe nǹkan náà rí. Lápá ọ̀tún, orúkọ kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí. "NAME" ń jẹ́ "Orúkọ", "Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́" ń jẹ́ "Orúkọ". Ìwé àlàjẹ́ ni mo ń pè é. Ẹ fi Table.ToRows sọ ọ́ di àkójọ, òun lẹ máa wá fún Table.RenameColumns, àṣẹ tó ń yí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù padà, nínú Transform Sample File, ibi tí Power Query ti ń kọ bó ṣe máa tún fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣe, kí ẹ sì fi MissingField.Ignore parí rẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà yarí nítorí àlàjẹ́ tí oṣù kan ò ní. Kí ìgbésẹ̀ yìí ṣáájú èyí tí Excel fúnra rẹ̀ máa ń kọ ní Changed Type, níbi tó ti ń yan irú ohun tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kẹ́yìn rẹ̀, ẹ má pè mí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó ń dùn mí jù.

Ẹ mú "Oṣù" láti inú fáìlì mẹ́ta tí èèyàn mẹ́ta tẹ̀, kí ẹ fi =LEN ka lẹ́tà rẹ̀. Ọ̀kan á ní lẹ́tà 3. Èkejì á ní 4. Ẹ̀kẹta á ní 5. Ojú yín á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Onílẹ́tà mẹ́rin yẹn, ẹnì kan ló tẹ àlàfo sẹ́yìn rẹ̀ tó sì gbàgbé. Àlàfo kì í ṣe òfo, lẹ́tà ni lójú kọ̀ǹpútà. TRIM á gé e kúrò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti kọ́pì rẹ̀, ó lè jẹ́ àlàfo mìíràn tó ń jẹ́ nọ́ńbà 160, TRIM ò sì ní fọwọ́ kàn án. Ẹ fi SUBSTITUTE àti UNICHAR(160) yọ ọ́ ná.

Onílẹ́tà márùn-ún wá ńkọ́? Yorùbá wa ni. Nínú Unicode, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, a lè kọ ṣ bíi lẹ́tà kan, a sì lè kọ s ká tún wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ù. Ti ọ́ tún burú sí i: kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n fún un, àfi ká tò ó pọ̀, pátákó ìtẹ̀wé oníkálukú sì ní bó ṣe ń tò ó. Àwọn kan wà tí wọn kì í fi àmì kékeré sí ìsàlẹ̀ rárá, ìlà tó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń fi sí i. Power Query kò mọ̀ pé ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀. Kódà "Orúkọ" àti "ORÚKỌ", méjì ni lójú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ọ̀gbẹ́ni kan ti sọ ọ́ sí mi lójú: "Ẹ kúkú fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àkọlé náà, ká sinmi." Ṣé Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ni àlàfo kì í wọ̀? Ẹni tó kọ "Name", "NAME" àti "Mame" láàárín oṣù mẹ́ta kò lẹ́nu láti dá àmì ohùn lẹ́bi. Àkọlé kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi Protect Sheet tì í, kí ẹ máa kọ́pì fáìlì yẹn. Ó parí.

Àwọn ọmọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lójú títì náà wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà láti "ṣe mááàjì", ìyẹn láti da fáìlì pọ̀, fún yín. Kọ́pì àti péésìtì ni mááàjì wọn. Bí March bá ti owó yíyá síwájú ìfipamọ́, ajigbèsè á di olówó láàárín oṣù kan. Ìlà "ÀPAPỌ̀" tó wà nísàlẹ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan náà, wọ́n á kó o mọ́ ọn, owó ọdún á di ìlọ́po méjì. Mo mọ ẹgbẹ́ tó ti lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà pẹ̀lú owó ìlọ́po méjì yẹn.

Èyí tí mi ò wá lè fara dà ni ti àwọn tó jẹ́ pé bí iye kò bá pé, wọ́n á ní ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ October 2020, Public Health England, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé àwọn èèyàn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní kòrónà kò sí nínú iye tí wọ́n ń kéde. Irú fáìlì Excel àtijọ́, .xls, ni wọ́n ń da èsì àyẹ̀wò sí, kì í sì gbà ju ìlà 65,536 lọ. Nígbà tó kún, ìyókù dà sílẹ̀. Ṣé àwọn ayé ni wọ́n rán lọ sí London?

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú Ìbàdàn ránṣẹ́ sí mi. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n, ₦20,000 ni oníkálukú ń fi pamọ́ lóṣù. Ìṣirò yẹn ò le: ₦860,000 lóṣù, ₦10,320,000 lọ́dún. Ìwé tí wọ́n kà nípàdé ìparí ọdún sọ pé ₦6,880,000. Akápò wọn, ìyá kan tó ń ta aṣọ, ti wà nídìí owó náà fún ọdún mọ́kànlá. Ó gbé ìwé báńkì wá, wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Pásítọ̀ tó wà láàárín wọn gbàdúrà lòdì sí ẹ̀mí ajẹnirun. Àwọn kan ní Bíbélì ò tó, kí akápò wá fẹnu kan irin. Ó fẹnu kan irin. Wọ́n tún ní ó ti lọ rú ẹbọ sí i kó tó wá.

Mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe kí n tó da ohunkóhun pọ̀. Mo ṣí oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo ṣírò rẹ̀, mo fi báírò kọ ọ́ sórí bébà. Oṣù méjìlá, ₦860,000 ní ẹ̀ẹ̀méjìlá. Owó náà kò kúrò níbì kankan. Akọ̀wé tuntun ló gba iṣẹ́ ní September. April ní "Owó ìfipamọ́". Òun kọ "Ìfowópamọ́", Yorùbá tó dáa, kódà mo fẹ́ràn tirẹ̀ jù. Oṣù mẹ́rin, ₦3,440,000, ló dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn nítorí ìyẹn. Mo fi ìlà kan kún ìwé àlàjẹ́, mo tẹ Refresh. Kò gba ogún ìṣẹ́jú.

Alága wúkọ́. Ọmọ tó dà á pọ̀ ń wo ilẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún akápò, wọ́n kúnlẹ̀, ó ní kò sí wàhálà, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹgbẹ́ lé tábìlì.

Mo pè é lóṣù tó kọjá láti kí i. Ó ní òun ti gba gbogbo owó òun kúrò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ alájọ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù òun láràárọ̀ lòun ń dájọ sí báyìí. Káàdì ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, orúkọ òun wà lókè, ọkùnrin kan náà ló sì ń fi báírò kan náà sàmì sí i.