Àwọn ọmọ abẹ́ bíríìjì kì í sùn lóru

Ẹ gba abẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba tàbí Ọbáléndé kọjá ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀, ẹ ó rí wọn: àwọn ọmọ ọdún 11, 12, tí wọ́n nà gbalaja sórí páálí, tí eṣinṣin ń bà lé wọn lẹ́nu. Èrò á pòṣé, wọ́n á ní, "Ọ̀lẹ!" Nọ́ọ̀sì ni mí, egbò wọn ni mò ń wẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn.

Lóru, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó dàgbà jù wọ́n lọ lè wá gba owó tí wọ́n fi iṣẹ́ alábárù pa. Ẹlòmíì tó burú jùyẹn lọ á wá fipá bá wọn lò pọ̀, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Bí òjò bá sì dé, páálí á rin gbingbin, ìdúró ni wọn yóò wà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ohun tí wọ́n fi ń fara dà á ni sólúṣọ̀n tí fọkanáísà fi ń lẹ táyà. Wọ́n á dà á sínú ọ̀rá, wọ́n á máa fà á símú. Kẹ́míkà inú rẹ̀ máa ń pa ebi, òtútù náà á sì fò lọ. Ṣùgbọ́n ó ń ba ọpọlọ jẹ́, ó sì lè dá ọkàn dúró lójijì, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo téèyàn fà á. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ká ọmọ kan mọ́ ibi tó ti ń fà á, ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má sì lé e. Eré àti ìpayà ló tètè ń ṣe irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lọ́ṣẹ́.

Ọ̀kan wá bá mi pẹ̀lú egbò lójúgun, kẹrosíìnì àti ọṣẹ ìfọyín ló ti fi ń tọ́jú ẹ̀. Mo wẹ̀ ẹ́, mo dì í, mo ní kó má jẹ́ kómi kàn án. Ó wò mí títí, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, tójò bá dé, níbo ni kí n gbé ẹsẹ̀ sí?" Egbò tí ìbá san láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lo oṣù mẹ́rin.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti 2003, Èkó sì ṣe tiẹ̀ ní 2007. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Inú ìwé nìyẹn ṣá o.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ra oúnjẹ fún un, kó jẹ ẹ́ lójú yín. Owó tẹ́ ẹ bá fún un, wọ́n lè gbà á kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ má mú un lọlé kó lọ máa fọ abọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn ti sá wá. Ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn ọmọdé tó wà lábẹ́ ìjọba ni kẹ́ ẹ fi tó létí. Ẹ má sì kọ́kọ́ bi í pé ta ni bàbá ẹ̀. Irọ́ ló máa pa, torí ẹ̀rù pé wọ́n á dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń nà án.

Orúkọ mẹ́ta ni ọmọ elégbò yẹn sọ fún mi láàárín oṣù mẹ́rin. Ìkẹta ni mo gbà gbọ́, torí ọjọ́ tó sọ ọ́ ló sọ orúkọ ìyá ẹ̀ mọ́ ọn.