Bí Awọ Ewúrẹ́ Sokoto àti Kano Ṣe Di Aṣọ Ìwé Olówó Iyebíye

Ìwé mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi ní Garki níbí, aláwọ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí mo rà á; wúrà ń dán lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí èèpo rẹ̀ ti ń ṣí ti là, òwú sì ti yọ jáde níbẹ̀. Èkejì jẹ́ ti Easton Press, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, ó le, ó sì dúró ṣinṣin. Ẹ̀kẹta ló dàgbà jù, ìwé kékeré kan tí wọ́n dì ní Lọ́ńdọ̀nù kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, bí mo bá sì ṣí i, ńṣe ló ń tẹ̀ bí aṣọ tí a ti wọ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àgbà inú wọn fi lágbára ju ọmọdé lọ ní láti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ láti Sokoto àti Kano.

Ewúrẹ́ pupa kan wà ní agbègbè Sokoto, títí dé Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger, tí àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ń pè ní Sokoto Red. Irun rẹ̀ kúrú, ojú awọ rẹ̀ sì dì dáadáa, ó ṣeé fá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìya. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá pa ewúrẹ́, a máa ń wì í níná ni, awọ rẹ̀ a sì bá ẹran wọ ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn Hausa a máa bó tiwọn, mo sì gbà pé ìyàtọ̀ kékeré yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ awọ gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀.

Majema ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ, kòtò àti ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ló sì kún ibẹ̀. Wọ́n á rẹ awọ tútù sínú omi eérú títí irun rẹ̀ yóò fi tú, wọ́n á gbé e lé orí igi, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ tó ní èèkù lápá méjèèjì fá irun àti ọ̀rá rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gún èso igi bagaruwa sínú omi, awọ á sì wà nínú omi náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Èso yìí ni kì í jẹ́ kí awọ jẹrà mọ́. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ kó pupa, karandafi ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Irú ọkà bàbà kan ni karandafi, èèpo pòròpórò rẹ̀ ni wọ́n ń lò, kán-ún ni wọ́n sì fi ń mú kí pupa náà yọ. Àwọn ìyá wa tó máa ń se pòròpórò fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ mọ àwọ̀ náà dáadáa. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sí ásíìdì ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kankan, ohun tó sì gba awọ yìí là lẹ́yìn ọ̀la nìyẹn.

Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé Kano ní 1851, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé awọ ṣíṣe tí wọ́n ń pè ní kulabu, àti awọ àgùntàn tí wọ́n fi omi pòròpórò pa láró pupa, ń lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ títí dé Tripoli. Ràkúnmí ló ń rù wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Lápá àríwá lọ́hùn-ún ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù ti ń rà á, orúkọ ibi tí wọ́n ti rà á ni wọ́n sì sọ ọ́, bí ìgbà tí èèyàn ra àlùbọ́sà Sokoto ní Mile 12 tó wá ń pè é ní àlùbọ́sà Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni "morocco" ṣe di orúkọ awọ ewúrẹ́ tó níyì jù lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń di ìwé. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló ti Kano lọ o, nítorí àwọn ará Fez ní Morocco náà ń ṣe awọ láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé kò sí orúkọ wa lára ìpín tó jẹ́ tiwa.

Ilẹ̀ tó ń ta awọ yìí náà ní ìwé aláwọ tirẹ̀. Al-Kùránì tí àwọn málàmù ilẹ̀ Hausa àti Borno fi ọwọ́ kọ kì í sábà ní ojú ìwé tí wọ́n rán pọ̀. Wọ́n á tò wọ́n léra, wọ́n á fi èèpo awọ wé wọn, wọ́n á sì tì wọ́n bọ inú àpò awọ tó ń jẹ́ gafaka. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá ni, torí ìwé tí kò ní ìránpọ̀ kò ní ibi tí yóò ti là.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ìwé aláwọ tí kò tíì pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di èérún pupa lọ́wọ́ àwọn tó ń kà á. Society of Arts, ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tó ń gbé iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ọwọ́ lárugẹ, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí rẹ̀, ìròyìn wọn sì jáde ní 1901: ásíìdì tí wọ́n ń lò kí aró lè mọ́lẹ̀ wà lára ohun tó ń jẹ awọ náà run. Lọ́dún yẹn kan náà ni Douglas Cockerell, tó kọ́ṣẹ́ ìwé dídì ní ilé-iṣẹ́ Doves Bindery lọ́dọ̀ T. J. Cobden-Sanderson, tẹ ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ ìwé dídì jáde. Ó yin awọ ewúrẹ́ kan tí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ń kó wá láti Áfíríkà, èyí tí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ṣe. "Niger" ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ Odò Ọya ló tún wá ń jẹ́, wọn kò dárúkọ Kano síbẹ̀.

Kì í ṣe awọ ewúrẹ́ nìkan ni wọ́n ń fi di ìwé iyebíye. Nígbà tí Kelmscott Press, ilé ìtẹ̀wé William Morris ní England, tẹ iṣẹ́ Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, jáde ní 1896, ẹ̀dà 425 lórí bébà, awọ ẹlẹ́dẹ̀ funfun ni Doves Bindery fi di 48. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń tẹ ìwé iyebíye dé: Limited Editions Club ní 1929, Folio Society ní 1947, Franklin Library ní 1973, Easton Press sì tẹ̀ lé e. Ti Easton ní iṣẹ́ wúrà létí ojú ìwé àti rìbọ́ọ̀nù. Ti Franklin, àfi kí olùrà wò ó dáadáa, torí wọ́n ṣe èyí tí awọ bo gbogbo rẹ̀, èyí tí awọ rẹ̀ mọ sí ẹ̀yìn, àti èyí tó kàn jọ awọ. Èyí tó la lórí tábìlì mi, èérún awọ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ aṣọ ni. Iye tí mo san kò kéré, inú sì bí mi nígbà tí mo mọ̀.

Títí di àsìkò yìí, ilé-iṣẹ́ kan wà ní England tó ń jẹ́ Harmatan, tó ń pa awọ ewúrẹ́ Nàìjíríà láró fún àwọn tó ń di ìwé. Ẹni tó bá ti gbé àríwá rí mọ̀ pé orúkọ ọyẹ́ nìyẹn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo gbé ìwé pupa mi lọ sí majema kan ní Kano. Mo kí bàbá àgbàlagbà kan pé "Sannu da aiki, Baba", mo sì nà án sí i. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e símú, ó ní, "Akuya ce." Ewúrẹ́ ni. Ó wá fi èékánná tọ́ka sí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí n kò rí rí láti ọdún yìí wá, ó ní ẹ̀gún ló fà á lára nígbà tó ṣì ń jẹko.