Bí ìlú kékeré kan ṣe ń gbàlejò rẹpẹtẹ torí búrẹ́dì àgbàdo

Ìlú South Pittsburg wà ní ìpínlẹ̀ Tennessee lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lẹ́bàá odò Tennessee, kò jìnnà rárá síbi tí wọ́n ti bá Alabama pààlà. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ò ju nǹkan bí 3,000 lọ. Àmọ́ tó bá ti di òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù April, àwọn àlejò tó máa ya wọ ibẹ̀ á pọ̀ ju onílé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, gbogbo wọn ló sì ń bọ̀ torí búrẹ́dì àgbàdo. National Cornbread Festival lorúkọ ọdún náà, 1997 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ẹni tó bá gbọ́ lè rò pé ìjọba ló ń kówó sílẹ̀ àbí iléeṣẹ́ ńlá kan ló ń darí gbogbo ẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń ṣe é, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń ṣe, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ ká tú wò dáadáa, torí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Kí ìlú tó lè dá irú nǹkan báyìí sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan tó jẹ́ tiẹ̀ lóòótọ́. Apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kún fún ìlú kéékèèké tó mọ èyí. Columbia, ní Tennessee níbẹ̀ náà, ìbaaka ni tiwọn, torí wọ́n ti ń ná ọjà ìbaaka níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1840. Vidalia ní Georgia, àlùbọ́sà ni, èyí tó ń dùn tí kì í ta lẹ́nu. Irmo ní South Carolina ń ṣọdún ilá, ilá táa ń sè nílé yìí kan náà, tó jẹ́ pé láti Áfíríkà ló ti débẹ̀ lásìkò òwò ẹrú. South Pittsburg ní tiẹ̀, irin ló ní. Lọ́dún 1896 ni Joseph Lodge dá iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin sílẹ̀ níbẹ̀, iná jó o lọ́dún 1910, ó tún òmíràn kọ́ sítòsí, orúkọ ara ẹ̀ ló sì fi sọ ọ́. Ìkòkò irin àti fráìpáànù tó wúwo gan-an ni wọ́n ń ṣe, títí dòní ẹbí yẹn ló ṣì ni ín. Kò sì sí bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀ fráìpáànù onírin ní gúúsù Amẹ́ríkà tí wọn ò ní dárúkọ búrẹ́dì àgbàdo, torí inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á gbé páànù gbóná dáadáa pẹ̀lú òróró àbí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á wá da ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n ti pò sí i, á dún ṣàà, wọ́n á tì í sínú ààrò, ẹ̀yìn ẹ̀ á le á sì pọ́n, inú ẹ̀ á rọ̀. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí kì í gba ooru dúró.

Àgbàdo yìí náà, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀. Àwọn Cherokee, ọ̀kan lára ẹ̀yà wọn, ti ń gbìn ín ní àfonífojì odò Tennessee kí òyìnbó tó dé, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì wà nídìí ààrò fún ọ̀pọ̀ ọdún tí oúnjẹ náà fi di oúnjẹ gbogbo gúúsù. Ó yẹ kéèyàn máa rántí ìyẹn nígbà tó bá ń jẹ ẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi dá ọdún náà sílẹ̀ ò ju pé ọjà ò tà mọ́ ní Cedar Avenue, tó jẹ́ òpópónà àárín ìlú. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké níbẹ̀ nìyẹn, ojú ọ̀nà ńlá á gba ẹ̀yìn ìlú kọjá, ṣọ́ọ̀bù ńlá á ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ńlá yẹn, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà nínú ìlú á wá máa tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ìlú kan jókòó, wọ́n ní kí làwọn ní tí èèyàn lè torí ẹ̀ yà wọlé. Irin àti àgbàdo ni wọ́n rí.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń ṣe é? Kọ́mítì ni. Bí ọdún kan bá ṣe ń parí ni wọ́n ti ń pèrò tèyí tó ń bọ̀. Irú kọ́mítì báyìí, kálukú ló máa ń ní ẹ̀ka tiẹ̀: ẹnì kan lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹnì kan lórí àwọn tó ń tajà, ẹnì kan lórí ìtàgé àti àwọn olórin, ẹnì kan lórí ààbò, ẹnì kan lórí owó, ẹni tó wà lórí ilé ìyàgbẹ́ náà ò gbọ́dọ̀ gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀ torí ibẹ̀ làlejò ti ń kọ́kọ́ bínú. Wọ́n sábà máa ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bí èyí tí kò wà fún èrè, òfin owó orí wọn, apá 501(c)(3), ló fàyè gba ìyẹn. Àǹfààní ẹ̀ ni pé ẹni tó bá fowó ta wọ́n lọ́rẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé lórí, àmọ́ ó ní ìdè tiẹ̀: kò sẹ́ni tó lè pín èrè sápò ara ẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe. Ìdè yìí gan-an ló jẹ́ káwọn èèyàn fọkàn tán wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ìwé àṣẹ. Káńsù ìlú ló máa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti títì, tó bá sì jẹ́ pé títì ìpínlẹ̀ ló gba àárín ìlú kọjá, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ náà máa dá sí i, wọ́n á sì fẹ́ mọ ibi tí ọkọ̀ á gbà àti bí áńbúláǹsì ṣe máa kọjá. Wọ́n á ra ìníṣọ́ráǹsì, bóyá èèyàn máa ṣubú àbí kánópì máa wó léèyàn lórí. Àwọn elétò ìlera náà á wá wo oúnjẹ, wọn kì í fi ìyẹn ṣeré. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà oúnjẹ tí ìjọba àpapọ̀ kọ sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀, oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ wà ní 57°C ó kéré tán, èyí tó tutù ò gbọ́dọ̀ kọjá 5°C, ẹni tó ń tà sì gbọ́dọ̀ ní ibi ìfọwọ́, kódà kó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì olómi tó lẹ́nu ẹ̀rọ pẹ̀lú ọṣẹ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń gba omi ìdọ̀tí nísàlẹ̀.

Owó ńkọ́? Ọ̀nà tó ń gbà wọlé ò ju mẹ́rin lọ: owó ìwọlé, owó ilẹ̀ tí àwọn tó ń tajà ń san, owó àwọn sípọ́ńsọ̀, àti ohun tí wọ́n bá tà fúnra wọn. Ní South Pittsburg, Lodge ló wà níwájú nínú sípọ́ńsọ̀, Martha White tó ń ta ìyẹ̀fun náà wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Nashville lọ́dún 1899. Ó bá ara mu, ẹni tó ń ṣe páànù àti ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun. Tí sípọ́ńsọ̀ bá jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn báyìí, kì í tètè sá.

Ibi tó wú ni lórí jù ni ibi tí wọ́n ń pè ní Cornbread Alley. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú lèèyàn máa rà, á wá máa rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, wọ́n á máa fún un ní ègé kékeré tọ́ wò. Ọ̀kan á ní ata, ọ̀kan á ní wàràkàṣì, ọ̀kan á ní ẹran, òmíràn á dùn bíi kéèkì. Kì í ṣe oníṣòwò ló wà nídìí àwọn ìsọ̀ yẹn o, ẹgbẹ́ inú ìlú ni. Nǹkan tó jẹ́ kí ètò yìí dúró nìyí: kàkà kí kọ́mítì máa wá òṣìṣẹ́ tí wọ́n máa sanwó fún, ẹgbẹ́ tó ń wá owó fún nǹkan tiẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìlú yòókù ní gúúsù ṣe ń ṣe é, àwọn òbí ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin sùkúù á máa ta ohun mímu kí wọ́n lè ra fèrè àti aṣọ, ṣọ́ọ̀ṣì á sọ ilẹ̀ iwájú wọn di ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n á gbowó ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wọn, àwọn panápaná, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn nílùú kéékèèké ò gbowó oṣù, á máa yan ẹran láti fi ra ohun èlò. Ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún sùkúù á gbé tábìlì, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì á jókòó sẹ́nu géètì. Ọ̀wẹ̀ ni, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń bẹ ọ̀wẹ̀ lóko, kìkì pé olúkúlùkù mọ ohun tí òun máa mú lọ sílé fún ẹgbẹ́ tòun. Ẹni tó bá sì rí i pé òógùn òun ló di fèrè lọ́wọ́ ọmọ òun, á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ láìsí pé wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Ìdíje sísè ló ń gbé orúkọ ìlú náà jáde jù. Láti ibi gbogbo ní Amẹ́ríkà làwọn èèyàn ti ń kọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ tiwọn ránṣẹ́ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, wọ́n á ṣa mẹ́wàá nínú wọn, àwọn mẹ́wàá yìí á wá dáná lójú gbogbo èèyàn lórí ìtàgé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ oúnjẹ gidi tó lè yó èèyàn, kì í ṣe búrẹ́dì lásán, ìyẹ̀fun Martha White gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀, inú ìkòkò Lodge ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti sè é. Ẹ ò rí i pé sípọ́ńsọ̀ ti rí èrè owó ẹ̀ gbà láìjẹ́ pé wọ́n kàn lẹ pátákó mọ́ ara ògiri. Ní ti àríyànjiyàn, ṣúgà ni ẹjọ́ tí kì í parí. Ọ̀pọ̀ ìdílé òyìnbó gúúsù gbà pé ẹni tó bá ti fi ṣúgà sí i, kéèkì ló ṣe, ní ọ̀pọ̀ ilé aláwọ̀ dúdú sì rèé, wọ́n ń fi ṣúgà díẹ̀ sí i, ó sì dùn. Tí ìdíje bá gba méjèèjì láyè, àlejò púpọ̀ á rí tiwọn níbẹ̀, ìyẹn dáa.

Eré náà ṣe pàtàkì, torí oúnjẹ nìkan ò lè dá èèyàn dúró látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ń díje ẹni tó máa yára jẹ búrẹ́dì àgbàdo jù, wọ́n ń sáré ẹlẹ́sẹ̀, orin ń lọ lórí ìtàgé. Àwọn ará St. George ní South Carolina ti sọ tiwọn di nǹkan míì, wọ́n ń ṣọdún grits láti 1986, ìyẹn àgbàdo fífọ́ tí wọ́n ń sè títí á fi ki bí ògì tó ti dì díẹ̀, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù Piggly Wiggly ìlú yẹn wà lára àwọn tó kíyè sí i pé àwọn èèyàn ń rà á ju bó ṣe yẹ lọ. Níbẹ̀, wọ́n á da grits kún inú ọpọ́n ńlá, wọ́n á wọn èèyàn kó tó wọ inú ẹ̀, á yíra nínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, wọ́n á tún un wọ̀n, ẹni tí grits bá lẹ̀ mọ́ lára jù ló borí. Ó rọrùn láti ṣètò, ó sì ń mú kí tẹlifíṣọ̀n wá.

Ohun tí ò sí lọ́wọ́ kọ́mítì ni ojú ọjọ́. Oṣù April ni àkókò ìjì líle ní àgbègbè yẹn, ìjì tó jà ní ìparí April 2011 pa èèyàn tó lé ní 300 káàkiri gúúsù. Torí náà ètò ibi tí èèyàn máa sá sí gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa tẹ́tí sí ìkéde ojú ọjọ́ látàárọ̀. Òjò lásán kì í dá wọn dúró. Kòrónà ló dá wọn dúró lọ́dún 2020.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Atlanta àbí Nashville tó bá fẹ́ lọ wò ó, ọ̀nà I-24 ni kí wọ́n gbà, kí wọ́n tètè gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní Kimball tó wà nítòsí àbí ní Chattanooga, torí inú South Pittsburg kéré. Kí wọ́n rántí pé aago yàtọ̀: Atlanta àti Chattanooga fi wákàtí kan ṣáájú South Pittsburg, ẹni tó bá kúrò ní Chattanooga láago mẹ́jọ àárọ̀ lè débẹ̀ kí aago ibẹ̀ tó lu mẹ́jọ. Tí wọn ò bá lè lọ lóṣù April, musíọ̀mù ohun èlò onírin tí Lodge ṣí lọ́dún 2022 wà níbẹ̀, fráìpáànù kan wà nínú ẹ̀ tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 18 lọ.