Ìwé Ló Kọ́kọ́ Ń Tú Àṣírí Oògùn Olóró

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ déédéé á ti rí i níbi tí àwọn aṣọ́bodè ti dá tírélà dúró, tí wọ́n ń ṣí tapólì, tí wọ́n ń fi irin gún àpò ẹrù. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbà pé etí títì ni iṣẹ́ mímú oògùn olóró wà. Lóòótọ́, wọ́n máa ń rí oògùn olóró mú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù tó bá ti rìn dé Tákìé l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ti kọjá ibi tó rọrùn jù láti mú un.

Owó ibodè ni àjọ aṣọ́bodè ń gbà fún ìjọba, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè mọ iye tí ọjà kan máa san bí wọn kò bá mọ ohun tó jẹ́, ibi tó ti wá, iye tí wọ́n rà á àti bó ṣe wúwo tó. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ kó ọjà wọlé láti òkè òkun fi ń kọ́kọ́ gba Form M, ìyẹn ìwé tó fi ń kéde ọjà tó fẹ́ kó wọlé, ní báǹkì. Lẹ́yìn náà ni aṣọ́bodè á yẹ ìwé ọjà náà wò, wọ́n á sì gbé ìwé tí wọ́n ń pè ní PAAR jáde, èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kejìlá 2013. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ owó tí ọjà náà máa san kó tó gúnlẹ̀ rárá.

Ìwé owó yìí gan-an ni pàkúté. Kò sí onífàyàwọ́ tó máa kọ Tramadol, oògùn ara ríro tí àwọn kan ń lò nílòkulò, sílẹ̀. Táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé tàbí páàtì mọ́tò ló máa kọ. Wàhálà tó wá bá a ni pé irọ́ kan ṣoṣo yẹn gbọ́dọ̀ bá gbogbo ìwé mu. Kọ̀nténà tí wọ́n ní táìsì ló kún inú rẹ̀, tí kò sì wúwo tó táìsì. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bá ra táìsì rí. Ẹrù tó kúrò ní Íńdíà, tó lọ ń yí kiri èbúté méjì mẹ́ta kó tó wá sí Apapa láìnídìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ní àlàyé. Àmọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá pàdé lórí ẹrù kan, ara aṣọ́bodè á fu.

Kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn pín ẹrù sí ìsọ̀rí aláwọ̀. Èyí tó bá bọ́ sí àwọ̀ ewé á kọjá wọ́ọ́rọ́. Ti àwọ̀ ìyeyè, wọ́n á tún ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò. Ti pupa, wọ́n á tú ẹrù náà fúnra rẹ̀. Ti búlúù á kọjá, àmọ́ wọ́n lè wá ṣàyẹ̀wò ìwé lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín tó bá yá. Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ló dé tí wọn kì í kúkú tú gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá dán an wò, Apapa á dí pa, ọjà á sì gbówó lórí títí dé ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́.

Ẹ̀rọ tó ń wo inú kọ̀nténà náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́, torí páálí oògùn kì í rí bíi táìsì lójú rẹ̀. Tí wọ́n bá wá fẹ́ tú ẹrù, aṣọ́bodè nìkan kọ́ ló ń dúró tì í: NDLEA, tí òfin 1989 dá sílẹ̀ láti gbógun ti oògùn olóró, máa ń wà níbẹ̀, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, náà sì máa ń wá. Ó nídìí. Kì í ṣe gbogbo Tramadol ni òfin kọ̀. Ilé ìwòsàn ń lò ó. Èyí tó ju mílígíráàmù 100 lọ ni NAFDAC kò fọwọ́ sí, nítorí náà páálí tí wọ́n kọ 225 sí lára ti jẹ́jọ̀ọ́ ara rẹ̀. Ọṣẹ́ tí omi oògùn ikọ́ oní-codeine ń ṣe ló mú kí ìjọba fòfin de kíkó o wọlé ní 2018.

Nígbà mìíràn, wọ́n á rí oògùn náà, wọn kò sì ní mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n á jẹ́ kí ẹrù máa lọ, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn títí tí ẹni tó ni ín á fi yọjú. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe ní 1988 fàyè gba èyí, ó sì bọ́gbọ́n mu: éjẹ́ǹtì tó ń sáré ìwé kiri lè má mọ ohun tó wà nínú kọ̀nténà. NDLEA ni aṣọ́bodè ń fa oògùn àti afurasí lé lọ́wọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá kó o wọlé. Oògùn fúnra rẹ̀, wọ́n á gba àṣẹ ilé ẹjọ́, wọ́n á sì dáná sun ún.

Gbogbo ọgbọ́n yìí kò ríṣẹ́ ṣe nínú igbó Òkèrété lẹ́nu ibodè. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà ní apá Ṣakí, ẹni tó sì fi ọ̀kadà gba ọ̀nà oko wọlé kò kọ ìwé kankan tí kọ̀ǹpútà máa yẹ̀ wò. Olobó ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀ka aṣọ́bodè ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tó wà n'Ìbàdàn ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ ṣọ́ ọ̀nà, àmọ́ bí ará ìlú kò bá sọ̀rọ̀, igbó ni wọ́n kàn ń wò. Àìsọ̀rọ̀ yìí sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ń gbé ìrẹsì fàyàwọ́ kọjá kò ka ara rẹ̀ sí ọ̀daràn, aládùúgbò rẹ̀ náà kò kà á sí. Oúnjẹ ọmọ ló ń wá. Ọ̀nà tí wọ́n bò fún ìrẹsì ni oògùn náà ń gbà, lójú àwọn èèyàn kan náà.

Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò ojú títì ti wá wúlò, torí ẹrù tó yọ kúrò nínú igbó kò ní pẹ́ bọ́ sí títì tó lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin. Ti ewé igbó tí wọ́n ń mu, tí wọ́n gbìn sínú oko nílé níbí, yàtọ̀: kò kọjá ẹnubodè kankan, iṣẹ́ NDLEA ni. Bí aṣọ́bodè bá ṣèèṣì rí i lábẹ́ àpò gàrí ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n á sì gbé e fún wọn.