Ta Ló Ní Ẹni Tí Kò Bọ́ Lọ́wọ́ Ikú Kò Lẹ́rìí?

Tí wọ́n bá ti ní kí àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí bọ́ síwájú nínú ìsìn ìdúpẹ́, ì báà jẹ́ nílùú Ìlọrin, ì báà jẹ́ l'Ọ́fà tàbí Òmù-Àrán, ẹ wo àwọn tó máa ń dìde. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ gbókìtì tí kò fara pa ni. Ẹni tí dókítà ti sọ̀rètí nù lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tó ti ṣe jàǹdùkú rí ni. Àwọn tó kù á jókòó, wọ́n á máa ṣe halelúyà. Ẹ bi ọ̀kan nínú wọn pé òun ńkọ́, èsì tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé: "Kí ni kí n wí? Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà tí mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò jalè rí, mi ò mugbó rí. Mi ò lẹ́rìí kankan."

Ìgbàgbọ́ òdì gbáà nìyẹn, ó sì ń pa ìjọ lára. Bí a bá ti gbà pé iṣẹ́ ìyanu ńlá nìkan ló ń mú èèyàn wá sọ́dọ̀ Jésù, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ la gbé iṣẹ́ ìjẹ́rìí lé lọ́wọ́ yẹn, àwọn yòókù sì ti di òǹwòran.

Bíbélì kò bá wa sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin ará Samáríà inú Jòhánù orí 4 kò ṣàìsàn, wọn ò sì jí òkú kankan fún un. Jésù bá a sọ̀rọ̀ létí kànga, ó sọ ìtàn ayé obìnrin náà fún un, lobìnrin bá fi ìkòkò omi sílẹ̀, ó gba inú ìlú lọ, ó ní kí wọ́n wá wo ọkùnrin kan. Ìlú tó ti mọ̀ ọ́n tọkọtọkọ ló lọ bá. Ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ nígbà tó di ẹsẹ 42 wọ́n sọ fún un pé kì í ṣe torí ohun tó wí nìkan mọ́, àwọn náà ti fetí ara àwọn gbọ́. Tìmótíù ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Lóísì ìyá àgbà rẹ̀ àti Yùnísì ìyá rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù sọ pé ìgbàgbọ́ Tìmótíù ti wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọ́n pọ̀n yín wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rí yín ló wà níbẹ̀ yẹn. Kódà, ọkùnrin tí Jésù lé ẹgbẹ̀lẹ́gbẹ̀ ẹ̀mí èṣù kúrò lára rẹ̀ nínú Máàkù orí 5 fẹ́ tẹ̀ lé e, Jésù ní rárá, kó máa lọ sílé, kó lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀.

Àwọn kan á ní Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ajíhìnrere ìsọjí ńlá nì, ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ wa níbí ni, ọmọ Odò-Ọwá ni, ọdún 1904 ni wọ́n sì bí i. Òótọ́ ni pé ìròyìn ìwòsàn ló fa èrò lọ sí Òkè-Oòyè, Iléṣà, lọ́dún 1930. Àmọ́ ta ló gbé ìròyìn náà kiri? Àwọn tó ti débẹ̀ tí wọ́n padà sílé ni, wọ́n ń fẹnu sọ ọ́ fún ará ilé àti ará ọjà. Ibi tí ìtàn ìpè òun fúnra rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1928, katakata tó fi ń tẹ ọ̀nà ló kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ta ni ẹ̀rọ ò kọṣẹ́ fún rí?

Lọ́dún 1965, onímọ̀ àwùjọ méjì ní Amẹ́ríkà, John Lofland àti Rodney Stark, gbé ìwádìí jáde lórí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kékeré kan ní California. Ẹgbẹ́ yẹn ò jọ ìjọ tiwa, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí yẹ ní gbígbọ́: àwọn tó sábà ń wọ inú ẹgbẹ́ náà ni àwọn tí wọ́n ti ní ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí níbẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ẹnì kan níbẹ̀ dọ̀rẹ́.

Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó mọ̀ ẹ́ lè yẹ ọ̀rọ̀ ẹ wò. Bí obìnrin tó ń ta gàrí l'Ọ́jà Ìpàta bá ní láti ìgbà tí òun ti gba Jésù gbọ́, òun ò tẹ ìdí kóńgò wọnú mọ́, oníbàárà rẹ̀ ò nílò pásítọ̀ kó tó mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kóńgò wà níwájú rẹ̀. Bí baálé ilé bá ní òun kì í na ìyàwó òun mọ́, àyálégbé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló máa ṣe ẹlẹ́rìí sí i. Àlejò tó jókòó sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì ò lè wádìí ọ̀rọ̀ ẹni tó ní òun kú lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò lòdì sí ẹ̀rí ìwòsàn o. Ohun tí mo lòdì sí ni àbùmọ́, àti àṣà kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ gún ẹlòmíì lójú agbo. "Ìyá àgbà kan nínú agbo ilé wa ló so mí mọ́lẹ̀." Ní ìlú bí Òrò tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo, ta ni kò mọ ìyá àgbà náà? Ó lọ́mọ, ó lọ́mọ ọmọ, ṣé àwọn yẹn á wá jọ́sìn níbi tí wọ́n ti pe ìyá wọn lájẹ̀ẹ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ọkọ máa ròyìn ọ̀rọ̀ ilé ọmọ ìyàwó rẹ̀ fún gbogbo ìjọ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílùú Ìlọrin, ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn wa fún lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ Alhaji, tí a jọ ń jẹran iléyá. Kò pọn dandan kéèyàn fẹnu tẹ́ńbẹ́lú ìmàle. Ẹ sọ ohun tí Olúwa ṣe fún yín, kó parí síbẹ̀. Bó bá dáhùn pé alhamdulillahi, ẹ ṣe àmín.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti bó ṣe rí báyìí. Èyí tí kò tíì yanjú, kó sọ ọ́ mọ́ ọn, torí ẹni tí owó ilé ń dà láàmú lójoojúmọ́ kì í fẹ́ gbọ́rọ̀ ẹni tí gbogbo nǹkan rẹ̀ ti gún régé. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí kò mọ̀, kó ní òun ò mọ̀. Afọ́jú inú Jòhánù orí 9 ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ohun kan lòun mọ̀. Ẹ̀yin olórí ìjọ náà, ẹ gbé apá kan ìjẹ́rìí kúrò nídìí pẹpẹ lọ sí ìpàdé ilé, kẹ́ ẹ sì bi àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ léèrè. Ẹ bi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì pé báwo ló ṣe gbàdúrà lásìkò tí owó ìfẹ̀yìntì ò wọlé, kí ló sì dé tí kò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.