Òjò Dá, Omi Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bọ̀: Ohun Tí Àgbàrá Ń Ṣe sí Ọ̀nà àti Mọ́tò

Bí òjò bá ti dá, tí ojú ọ̀run sì là, ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé ọ̀nà ti ṣeé gbà nìyẹn. Wọ́n á ṣáná sí mọ́tò, ó di ilé. Lójú ọ̀nà abúlé, àsìkò yẹn gan-an ni omi sábà máa ń pọ̀ jù. Òjò tó rọ̀ sórí oko àti sínú igbó kì í dé odò lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ á kọ́kọ́ mu ún yó. Èyí tí ilẹ̀ kò lè mu mọ́ á wá máa ṣàn bọ̀, láti poro oko bọ́ sójú àgbàrá, láti ojú àgbàrá bọ́ sínú odò kékeré, títí gbogbo wọn á fi pàdé níbi tó rẹlẹ̀ jù. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà máa ń gbà sọdá odò. Wákàtí kan tàbí méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè kọjá lẹ́yìn tí òjò dá kí odò tó kún dé ibi tó máa kún dé.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà kan, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan, lítà omi mílíọ̀nù 50 ló dà sílẹ̀ yẹn. Ó máa kún tánkà onílítà 10,000 lọ́nà 5,000. Lóṣù kẹta tí ilẹ̀ gbẹ, ilẹ̀ á mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án tí ilẹ̀ ti mu tẹ́lẹ̀ yó, ojú ọ̀nà ló ń dà sí.

Kò tiẹ̀ di dandan kí òjò rọ̀ níbi tí ọkọ̀ wà. Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ Odò Ògùn, lápá Ìṣẹrí, mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣí omi dáàmù Ọ̀yán, omi lè gba ọ̀nà lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn.

Níbi tí odò kékeré bá ti gba abẹ́ títì kọjá, páìpù kọnkéré ńlá ni wọ́n máa ń rì síbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní kọ́fáàtì. Ó ní ìwọ̀n omi tó lè gbà. Bí ẹ̀ka igi, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀rá piọ́ wọ́tà bá dí i lẹ́nu, omi á ga lápá òkè, á gun títì, á sì máa dà sí ìhà kejì. Ibi tó ń dà sí yìí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi á máa wa ilẹ̀ pupa etí títì, á máa rá pálá wọ abẹ́ ọ̀dà, títí ọ̀dà á fi kù lókè nìkan, tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Omi pẹrẹsẹ ni awakọ̀ máa rí. Táyà iwájú ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó kọjá ní wákàtí kan sẹ́yìn kò fi jẹ́ ẹ̀rí: ilẹ̀ tó gbé e lè ti lọ. Bí ojú omi bá ń yí po lójú kan, tàbí tó ń ru létí títì lápá ìsàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kòtò ti wà níbẹ̀.

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ọ̀nà abúlé ni kò ní onílé, kọ́fáàtì rẹ̀ ò sì rí ẹni kó o. Ìlú ńlá náà kò yọ sílẹ̀: ní Ìbàdàn, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, afárá bíi mélòó kan wó, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kan náà ti ṣe irú rẹ̀. Oṣù tí òjò máa ń sinmi sì ni méjèèjì.

Mọ́tò wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tó wọn kìlógíráàmù 1,200 lè gùn ní mítà 4, kó fẹ̀ ní mítà 1.7. Gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10 tí omi bá fi ga ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, omi ti gbé nǹkan bíi kìlógíráàmù 680 kúrò lórí táyà. Ní sẹ̀ǹtímítà 20, ọkọ̀ ti ń léfòó. Kó tó dé ibẹ̀ rárá, táyà kò ní lè dì mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́. Iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé omi tó ń sáré, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, lè gbé jíìpù àti píkọ́ọ̀pù lọ. Bí eré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Gíga jíìpù ń fi awakọ̀ lọ́kàn balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nínú omi tó dúró sójú kan, ẹ́ńjìnì ni ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn kan máa ń ní sàléńsà ni omi ń gbà wọlé. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, èéfín ń ti omi padà níbẹ̀. Ẹnu tó léwu ni ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń fa afẹ́fẹ́, tó sábà máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítòsí iná iwájú. Awakọ̀ tó sáré wọ omi á ru ìgbì sókè, ìgbì náà á sì dé ẹnu ihò yìí bí omi ò tilẹ̀ jìn. Afẹ́fẹ́ ṣeé tẹ̀ kó kéré, omi kò ṣeé tẹ̀. Bí pístìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, bá gbéra tó bá omi lókè, irin tó gbé e á wọ́. Jíà kìíní, ìrìn jẹ́jẹ́, láìdúró, láìpààrọ̀ jíà láàárín omi, ni wọ́n fi ń sọdá ibi tó bá ṣeé sọdá. Kí gíláàsì wà nísàlẹ̀ kí ọkọ̀ tó wọ omi: omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 60 ń fi ohun tó tó kìlógíráàmù 180 ti ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní mítà kan, bí inú ọkọ̀ bá ṣì gbẹ.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gòkè, bíréèkì kì í mú. Kí awakọ̀ máa wà á jẹ́jẹ́, kó máa fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí á fi gbẹ. Bí ẹ́ńjìnì bá kú sínú omi, ṣíṣáná sí i lẹ́ẹ̀kejì ló sábà máa ń bà á jẹ́ tán. Kí wọ́n kọ́kọ́ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ wò. Bó bá ti funfun bí ògì, omi ti wọlé. Mẹkáníìkì á tú pọ́lọ́ọ̀gì, á yí ẹ́ńjìnì kí omi tú jáde, á pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Kó yẹ ọ́ìlì jíà náà wò, nítorí omi máa ń gba ibi tí àpótí jíà fi ń mí wọlé, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í rántí.