Hip-hop nínú ẹ̀kọ́ orin ní ilé-ẹ̀kọ́

Lílo hip-hop nínú kíláàsì orin jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni tí olùkọ́ ń gbà fi ráàpù (ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí ìlù), bíìtì (ìlù tí a tò pọ̀ fún orin), iṣẹ́ DJ (ẹni tó ń yí àwo orin) àti breaking, ijó hip-hop, kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lórin, kí àwọn tí wọn kì í sábà kà sí olórin lè rí ipa kó. Bí orin tí à ń gbọ́ ní kíláàsì bá yí padà tí ọ̀nà ìkọ́ni kò yí, ọmọ tó wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ yóò ṣì wà lẹ́yìn.

Ìtàn

Agbègbè Bronx ní ìlú New York, Amẹ́ríkà, ni hip-hop ti ṣẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Cindy Campbell ṣe àríyá ní ilé 1520 Sedgwick Avenue láti fi rí owó aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Clive Campbell tí gbogbo ayé mọ̀ sí DJ Kool Herc, ọmọ tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, ló ń yí àwo orin. Ọgbọ́n Herc ni pé ó ń lo ẹ̀dà méjì àwo kan náà lórí ẹ̀rọ méjì, kí ibi tí ìlù nìkan ti ń dún lè máa bá a lọ. Orin tí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ bí yìí pẹ́ gan-an kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ kò gbọ́ ìkìlọ̀. Ní 1967, ìpàdé àwọn olùkọ́ orin ní Tanglewood, Amẹ́ríkà, ti fẹnu kò pé orin gbogbo ìgbà àti gbogbo àṣà, títí kan èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, yẹ kó wà nínú ẹ̀kọ́. Ní 1995, Gloria Ladson-Billings, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ìkọ́ni tó fi àṣà tí ọmọ gbé wá láti ilé ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 2002, Lucy Green, onímọ̀ ẹ̀kọ́ orin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé gbígbọ́, fífarawé àti kíkọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ olórin ìgbàlódé fi ń mọ iṣẹ́. Kendrick Lamar, oníráàpù ọmọ Amẹ́ríkà, gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá ní Amẹ́ríkà, fún orin ní 2018, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á láìṣe olórin klásíkà tàbí jáàsì.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì orin, ẹni tó lè ka nóòtì tó sì ti ń fi dùùrù tàbí fáyólìnì kọ́ṣẹ́ láti kékeré ló ń ṣíwájú. Owó àwọn òbí ló sì sábà máa ń pinnu ẹni náà. Nínú bíìtì, ibi ìbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà máa ń pín báà kan (ìpín kékeré orin, tó sábà máa ń jẹ́ kíkà ìlù mẹ́rin) sí àpótí kékeré 16. Ọmọ á tẹ ibi tó fẹ́ kí ìlù ńlá ti dún gbùù, á tẹ ibi tí ìlù kejì yóò ti dún pá, á sì gbọ́ ohun tó ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí báà náà ti ń tún ara rẹ̀ ṣe, etí rẹ̀ ń ṣàtúnṣe sí i. Ẹsẹ ráàpù sì sábà máa ń jẹ́ báà 16, nítorí náà ìṣirò, ìmí àti ìlànà orin wà nínú iṣẹ́ náà kí olùkọ́ tó dárúkọ wọn.

Iṣẹ́ tún pọ̀ láti pín. Ẹnìkan lè kọ ọ̀rọ̀, kí òmíràn ṣe bíìtì, kí ẹlòmíràn gbohùn sílẹ̀ tàbí jó, tí ẹni tí ojú ń tì kò sì ní kọrin dandan. Nínú òbìrípo tí àwọn oníráàpù ń pè ní cypher, gbogbo wọn ń wo ojú ara wọn, ẹni tí kò tíì ṣetán lè máa pàtẹ́wọ́ kí àyè kọjá sí ẹnìkejì. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilẹ̀ mìíràn lè fi èdè abínibí rẹ̀ ṣe é, torí etí máa ń gbá ìṣàn ọ̀rọ̀ mú kó tó mọ ìtumọ̀.

Ọ̀nà wà fún àwọn adití pẹ̀lú. Ìró báàsì máa ń gbọ̀n ilẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Signmark, ọmọ Finland tí wọ́n bí ní adití, ń fi èdè àmì ṣe ráàpù, ilé-iṣẹ́ orin Warner sì gbà á sábẹ́ wọn ní 2009.

Àríyànjiyàn

Ọ̀rọ̀ ìwà ipá àti èébú sí obìnrin inú àwọn orin kan ni àwọn òbí sábà máa ń kọ́kọ́ tako. Àwọn olùkọ́ kan ń yan orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn ń jẹ́ kí àwọn ọmọ bíi ogún ọdún dín díẹ̀ jíròrò rẹ̀ ní gbangba.

Ewu tó farasin jù ni kí olùkọ́ gbà pé gbogbo ọmọ adúláwọ̀ ló fẹ́ràn ráàpù, kó wá sọ ọ̀kan nínú wọn di agbẹnusọ fún ẹ̀yà rẹ̀. Èyí náà ń ya ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Àwọn ọmọkùnrin sì máa ń gba ẹ̀rọ mọ́ àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́ bí a kò bá ṣètò kí gbogbo wọn máa lò ó ní ìyípo.

Lórí máàkì, bí a bá fi ìdánwò nóòtì nìkan díwọ̀n iṣẹ́ báyìí, àwọn tó ń ṣíwájú tẹ́lẹ̀ náà ni yóò tún gba ipò kìíní. Nítorí náà ni àwọn olùkọ́ kan fi ń fi máàkì sí ìdúró ṣinṣin ìlù, ọgbọ́n ọ̀rọ̀, ìgbohùnsílẹ̀ àti bí ọmọ ṣe bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́.